Gó àti Wẹ́ǹtì

Aago márùn-ún àbọ̀ ni mo ti ń da aṣọ bo maṣíìnì mi,
mo ń gbọn ìgékù aṣọ kúrò lára ìró,
mo ń gba ẹ̀yìn ilé-epo sọ̀kalẹ̀
lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Àdó
níbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ń jókòó láàárọ̀,
tí àwa àgbàlagbà ń ká orúnkún sábẹ́ tábìlì lálẹ́.

Àwa mẹ́sàn-án. Mùdáṣírù tó ń lẹ táyà ní Mọ́lété,
Sàúdátù alágbàfọ̀,
Bàbá Oyèníran tó ń ṣọ́ báńkì,
tó ń wọ kóòtù wá bí ẹni tí wọ́n pè ní kóòtù.

Tíṣà Láníhún kọ ọ̀rọ̀ kan sí pátákó: bíréèkì.
Sàúdátù ní, fọ́. Àwo fọ́.
Mùdáṣírù ní, ṣẹ́. Igi ṣẹ́.
Bàbá Oyèníran ní, já. Okùn já.
Èmi ní wọ́n rú òfin.
Tíṣà ní gbogbo wa la gbà á.
Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí.
Irú aláìní wo ni Òyìnbó,
tó ń fi abẹ́rẹ́ kan rán gèlè, tó fi rán àpò sìmẹ́ńtì?

Mùdáṣírù ní ká má tíì rẹ́rìn-ín.
Àwa ńkọ́, tá a jẹ ìrẹsì, tá a jẹ oyè,
tá a jẹ ìyà, tá a jẹ gbèsè,
ṣé eyín kan náà kọ́ la fi jẹ gbogbo ẹ̀?
Ó ní gbèsè tóun jẹ lórí ẹ̀rọ tóun fi ń fẹ́ táyà,
láti èṣín, òun ò tíì yó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ọ́ọ̀fù iná.
Tíṣà fi báírò pupa ha á lójú.
Ó ní ọ́ọ̀fù kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, kò lè dá ṣiṣẹ́,
àfi kó rí ọ̀gá tẹ̀ lé.
Mo ní, Tíṣà, iná yẹn kúkú kú.
Kò tíì dáhùn tí wọ́n fi múná lọ,
láti Òkè-Àdó dé Òkè-Bọ́là, ṣú.
Nínú òkùnkùn la ti gbóhùn Bàbá Oyèníran:
Tíṣà, ta ló ọ́ọ̀fù ẹ̀?

Òní, ọ̀rọ̀ àná la kọ́.
Wọ́ọ̀kì, ó di wọ́ọ̀kìdì,
ìrù kékeré ni wọ́n so mọ́ ọn; a ṣì rí ojú ìyá lára ọmọ.
Gó, ó di wẹ́ǹtì.
Kò sí etí, kò sí imú tí wọ́n fi jọra.
Mo béèrè ìdí ẹ̀.
Tíṣà ní kò nídìí, à ń há a sórí ni.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ lánàá, ó ń lọ, yóò lọ,
lọ ò pààrọ̀ aṣọ.
A kì í sì í dá a sílẹ̀ lóun nìkan,
a máa ń so bọ̀ mọ́ ọn nídìí.
Lọ kóo bọ̀ ni mo wí fún Morẹ́nikéjì
ní gáréèjì Ìwó Róòdù, báàgì méjì, ojúmọ́ ò tíì là.
Ọdún kẹsàn-án rèé.
Ohùn tó ń tinú fóònù wá lọ́jọ́ Àìkú,
mo ń wá ojú ọmọ mi lára ẹ̀.
Ọmọ ẹ̀ a gba fóònù, a da Òyìnbó sí mi létí bí òjò,
ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni mo ń ṣà níbẹ̀
bí ẹni ń ṣa bọ́tìnì nínú iyanrìn.

Tíṣà ní ká fi wẹ́ǹtì ṣe gbólóhùn.
Mo kọ ọ́: Morẹ́nikéjì wẹ́ǹtì.
Ó ní kò tíì pé. Wẹ́ǹtì síbo?
Mo ní, Tíṣà, ó pé.

Ó wò mí díẹ̀, ó yíjú sí pátákó, ó kọ òmíràn.
Kọ́ọ̀mù, ó di kéèmù.
Ìyẹn jọ ara wọn.
Mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.